Ìgbín Tó Wà Lọ́rùn Aṣọ Tíṣà

Aṣọ ẹlòmíràn ni mo fi ọjọ́ ayé mi fọ̀, mo sì gbádùn rẹ̀. Bí wọ́n bá ní kí n tún ayé wá, ẹ̀yìn tábìlì tí mo ti ń lọ aṣọ yìí náà ni màá padà sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, níbi tí ooru áyọ́ọ̀nù ti ń fẹ́ sí mi láyà, tí òórùn ọṣẹ ń ti yàrá ẹ̀yìn wá, tí ẹ̀rọ ìfọṣọ méjèèjì ń kùn bí ẹni tó jẹun yó. Èyí tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún máa ń fò sókè díẹ̀ tó bá ń fún aṣọ. Èmi a kọrin sí i, òun a fò, inú àwa méjèèjì a sì máa dùn.

Ìyá Olórin ni wọ́n ń pè mí ládùúgbò. Orúkọ tí ìyá mi sọ mí wà ńlẹ̀, àmọ́ kò sẹ́ni tó ń lò ó mọ́ àfi àwọn tó ń pín ìwé iná. Kíláàsì kejì ni ilé ìwé tèmi pin sí. Ìyá mi dùbúlẹ̀ àìsàn, ẹnìkan sì ní láti máa pọn àwọn àbúrò. Mo mọ A, B, D títí dé ibi tó ti ń di wàhálà, mo sì lè ka oókan dé ogún láìsinmi.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé lọ́ńdìrì yìí, ọ̀gá tó ni ín, tó ti di olóògbé báyìí, gbé bírò lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n máa kọ orúkọ oníbàárà sára aṣọ. Mo wo bírò, bírò náà wò mí. Ni mo bá lọ mú abẹ́rẹ́ àti òwú pupa. Oníbàárà tó bá wọlé, màá wò ó dáadáa. Ohun tí ojú mi bá kọ́kọ́ bà lára rẹ̀ ni màá rán sẹ́yìn ọrùn aṣọ rẹ̀, kékeré báyìí, kò ju èékánná lọ. Òwú yẹn kì í ṣí, kì í bọ́. Ọ̀gá wò ó títí, ó mi orí, ó ní, "Tó o bá ṣáà ti mọ̀ ọ́n, ó tán."

Mo mọ̀ ọ́n. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n nìyí, aṣọ ẹnìkan ò tíì bọ́ sínú àpò ẹlòmíràn. Ẹyin ni àmì awakọ̀ tí orí rẹ̀ pá. Ìkọ́ ni ti ọkùnrin tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe, nítorí ìka rẹ̀ kékeré tó tẹ̀ kọ́dọ́rọ́. Obìnrin tó ń ta òdòdó, tó máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí kì í mí, ẹnu tó là ni mo rán fún un. Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò kan wà, inú ilé kan náà ni wọ́n ń gbé, wọn kì í bá ara wọn sọ̀rọ̀. Mo rán ìlàjì òòyà fún ẹ̀gbọ́n, mo rán ìlàjì yòókù fún àbúrò. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá parí ìjà, màá so ó pọ̀.

Àwọn oníbàárà kì í béèrè ìdí. Wọ́n á wo ọrùn aṣọ, wọ́n á ní, "Àmì tèmi nìyí," wọ́n á sì gba ilé wọn lọ.

Ìgbín ni àmì Tíṣà.

Tíṣà ti fẹ̀yìn tì kó tó kó dé àdúgbò wa, ó di ọdún méjìdínlógún báyìí. Yàrá kan ló gbà lókè ilé tí wọ́n ti ń ta bàtà. Kò lọ́kọ, kò bímọ, kò sì ro ẹjọ́ rẹ̀ fẹ́nikẹ́ni. Àìsàn kan ti mú ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ láti kékeré, ńṣe ló máa ń wọ́ ọ tẹ̀lé ara rẹ̀. O máa gbọ́ ọ kó o tó rí i: gbì, wọ́ọ́, gbì, wọ́ọ́. Lọ́sàn-án gbogbo Sátidé, á gbé àpò aṣọ rẹ̀ wá, á jókòó sórí àpótí ìjókòó tó wà nídìí fèrèsé, á yọ ọsàn méjì nínú báàgì, á bó tirẹ̀, á bó tèmi. Á ka lẹ́tà ọmọ mi tó wà lókè òkun sí mi létí, àti èyí tí mo fẹ́ gbọ́ àti èyí tí mi ò fẹ́ gbọ́. Tíṣà kì í fo ìlà kan.

Àmì kọ̀ọ̀kan ló ní orin tirẹ̀ lẹ́nu mi, torí orin ló ń jẹ́ kí áyọ́ọ̀nù fúyẹ́. Tí mo bá dé orí aṣọ Tíṣà, màá gbé tirẹ̀:

Ìgbín ń lọ, ìgbín ń lọ,
Kò bẹ̀rù pé ọ̀nà jìn;
Ibi ó bá dúró sí, ó délé,
Ilé ń bẹ lẹ́yìn rẹ̀.

Tíṣà á máa fi ẹsẹ̀ tó dára lu ilẹ̀ sí i, omi ọsàn á máa ro tó-tó-tó sórí ìwé ìròyìn.

Ọdún tó kọjá ni nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í bo ojú ọ̀tún mi bí ooru omi tó bo dígí. Dókítà ní àwọn máa là á, àwọn á yọ ohun tó bò ó. Ó dá ọjọ́ fún mi: Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́sàn-án àárọ̀. Ó sì kó ìwé mẹ́rin fún mi tí mo gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí.

"Èmi ni màá tẹ̀lé yín lọ," ni Tíṣà wí. "Màá kà á sí yín létí látòkèdélẹ̀. Ẹ ò gbọdọ̀ fọwọ́ sí ohun tẹ́ ẹ ò mọ̀."

Ẹ̀rù ń bà mí ju bí mo ṣe ń fi hàn lọ. Ojú kan ló ṣẹ́ kù fún mi tó mọ́lẹ̀. Tí wọ́n bá wá ṣì í mú ńkọ́, tí wọ́n gbé ọ̀bẹ sí èyí tó dára? Mi ò lè sọ ìyẹn fún dókítà, á rò pé mo ń bú òun ni. Àmọ́ mo mọ̀ pé tí Tíṣà bá jókòó síbẹ̀, kò sí àṣìṣe tó máa kọjá lójú rẹ̀.

Dókítà ní mi ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan iṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Àbígbẹ̀yìn mi obìnrin gba ìsinmi níbi iṣẹ́ rẹ̀ kó lè dúró sí ṣọ́ọ̀bù fún mi. Ilé ìkówèésí ló ti ń ṣiṣẹ́. Ogún ọdún ló ti fi ń to ìwé, tó o bá fi ṣíbí sílẹ̀ lórí tábìlì rẹ̀, á bá a wá ibi tó yẹ kó wà. Nígbà tó rí àwọn àmì mi, ó gbé ọwọ́ lérí.

"Màmá, orí yín nìkan ni gbogbo èyí wà? Tẹ́ ẹ bá gbàgbé ńkọ́?"

"Mi ò gbàgbé rí."

"Èmi ò mọ̀ ọ́n láti gbàgbé rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká kọ ọ́ sílẹ̀."

Ló bá mú ìwé àjákọ tuntun, ó fa ìlà sí i, ó pín ojú ewé sí mẹ́ta. Ó ya àmì síbi kìíní, ó kọ ẹni tó ni ín síbi kejì. Síbi kẹta, ó ní ìdí ló máa wà níbẹ̀, kó lè rọrùn fún òun láti rántí.

"Ta ló ni ẹyin?"

"Awakọ̀ olórí pípá."

"Kí ló dé tó fi jẹ́ ẹyin?"

"Ṣé o ò rí orí rẹ̀ ni?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó kọ ọ́. Báyìí la ṣe ń bá a lọ, òun ń kọ, èmi ń to bọ́tìnnì, inú mi ń dùn pé ẹnìkan bi mí ní ohun tí mo mọ̀.

"Ìgbín ńkọ́?"

"Ti Tíṣà nìyẹn."

"Kí ló dé?"

"Bó ṣe ń wọ́ ẹsẹ̀ ni."

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe sọ ọ́. Mi ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó ti pẹ́ gan-an tí mi ò rántí pé àmì yẹn tiẹ̀ ní ìdí kan. Ọmọ mi béèrè, mo nawọ́ sẹ́yìn, mo sì mú èyí tí ọwọ́ mi kọ́kọ́ bà.

Nígbà tó di Sátidé, gbì, wọ́ọ́. Gbì, wọ́ọ́, Tíṣà dé. Ó kó aṣọ rẹ̀ sínú ẹ̀rọ, ó jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bó ọsàn. Ìwé àjákọ náà wà lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Tíṣà kì í rí ìwé kó má kà á. Tí wọ́n bá fi ìwé wé búrẹ́dì fún un, á kọ́kọ́ ka ìwé kó tó jẹ búrẹ́dì.

"Ìkọ́," ló kà sókè. "Ẹni tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe. Nítorí ìka rẹ̀ tó tẹ̀." Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ìyá Olórin, ojú yín yìí burú. Ẹ wo ti olódòdó, ẹ wo ẹnu."

"Ó jọ ọ́, àbí kò jọ ọ́?"

"Ó jọ ọ́ ju fọ́tò rẹ̀ lọ."

Ó ṣí ewé kejì. Mo ń rẹ́rìn-ín lọ, mo ń lọ aṣọ lọ. Ó sì ka èyí tó kàn sókè bó ṣe ń ka àwọn tó kù, nítorí pé kì í fo ìlà.

"Ìgbín. Tíṣà. Nítorí pé ó ń wọ́ ẹsẹ̀."

Ohùn rẹ̀ ò yí padà. Bó ṣe máa ń ka lẹ́tà ọmọ mi náà ló ṣe kà á. Ó dà bíi pé wọ́n da omi tútù sí mi lára. Ó pa ìwé dé, ó fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kó má ṣí.

"Ṣé aṣọ mi ti fọ̀?"

"Ó ti fọ̀, kò tíì gbẹ. Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́..."

"Màá gbé e bẹ́ẹ̀."

Ó kó o ní tútù sínú àpò. Omi ń kán sílẹ̀ tẹ̀lé e dé ẹnu ọ̀nà. Ọsàn tèmi wà lórí tábìlì, ó ti bó o tán, kò tíì là á.

Lọ́jọ́ Ajé, mo jó ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì awakọ̀. Irú ẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ rí. Orin kankan ò wá sẹ́nu mi, ọwọ́ mi ò sì mọ ìgbà tó yẹ kó gbéra. Nígbà tí awakọ̀ wá mú ẹrù rẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní kò séwu, ṣẹ́ẹ̀tì lásán ni. Ojú rẹ̀ bọ́ sórí ìwé àjákọ, ó rí ẹyin rẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín títí tó fi di ikùn mú.

"Kò dùn yín?" ni mo bi í.

"Ìyá Olórin, lẹ́yìn tí mo ti bí ọmọ mẹ́ta ni orí mi pá. Tó bá jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí nígbà tí mo wà lọ́mọdé, táwọn ẹgbẹ́ mi ń fi sín mi jẹ ní gbogbo àárọ̀, mi ò ní rẹ́rìn-ín."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára.

Ọmọ mi rí i pé mi ò jẹun dáadáa. "Màmá, èmi ni mo dá wàhálà yìí sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n lọ bá wọn. Màá sọ pé èmi ni mo hùmọ̀ rẹ̀, pé ẹ ò sọ nǹkankan fún mi, mo kàn kọ ohun tó wù mí ni. Èmi ni wọ́n máa bínú sí. Wọ́n á sì tẹ̀lé yín lọ sílé ìwòsàn."

Ọ̀rọ̀ náà dùn létí mi, mi ò ní purọ́. Mo gbé e yẹ̀ wò gbogbo ọjọ́ Ajé, mo tún gbé e yẹ̀ wò lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nípa ojú mi kéré sí ti Sátidé tó ń bọ̀, tí àpótí ìdí fèrèsé yẹn máa ṣófo.

Lọ́jọ́rú, mo wọ bàtà mi, mo ní èmi fúnra mi ń lọ.

Mi ò tíì dé yàrá Tíṣà rí. Òun ló máa ń wá. Àtẹ̀gùn ilé náà ga, mo kà á dé ogún, mo sì fi méjì kún un. Mo dúró lókè, mo ń mí hẹlẹ-hẹlẹ, mo ń ro ẹsẹ̀ yẹn àti àtẹ̀gùn yìí, lójoojúmọ́, pẹ̀lú àpò aṣọ.

"Ẹ wọlé," ló wí, kí n tó kan ilẹ̀kùn. Ó ti gbọ́ mi.

Yàrá náà mọ́ tónítóní: bẹ́ẹ̀dì kan, àga kan, ìwé lórí pákó tó gba ara ògiri, àti àpótí onírin ńlá kan tí igun rẹ̀ ti họ. Aṣọ rẹ̀ wà lórí bẹ́ẹ̀dì, gbogbo rẹ̀. Réṣà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lórí àga, ó gbé àwo kékeré kan, òwú pupa kún inú rẹ̀, wẹ́wẹ́, wẹ́wẹ́. Mo mọ òwú mi.

"Mẹ́rìnlá ni," ni Tíṣà wí. "Ó gbà mí lọ́jọ́ mẹ́ta. Ẹ rán an dan-in."

"Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń rán èyí tí kò dan-in."

Ó gbé àwo náà kúrò lórí àga kí n lè jókòó. Òun jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì.

"Ẹ jẹ́ kí n bi yín," ló wí. "Ọmọ yín ló kọ ọ́. Ṣé ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ fún un?"

Irọ́ náà wà lẹ́nu mi, ó ti jinná, ó kù kí n bù ú sílẹ̀. Mo wo ojú rẹ̀. Mo rántí gbogbo lẹ́tà tó ti kà fún mi.

"Èmi ni mo sọ ọ́."

"Ó sì jẹ́ òótọ́?"

"Òótọ́ ni. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ kọ́kọ́ wọlé, mi ò mọ̀ yín. Ẹsẹ̀ ni mo rí."

Nísàlẹ̀, ẹnìkan ń wọn bàtà, ó ń tẹ ilẹ̀ gbà-gbà-gbà.

"Mo mọ̀ pé ìgbín ni," ni Tíṣà wí. "Láti ọdún kìíní. Tí mo bá ń dúró de bọ́ọ̀sì, mo máa ń fi ìka kàn án lẹ́yìn ọrùn mi. Orin yín ni mo gbà gbọ́. Ilé ń bẹ lẹ́yìn rẹ̀. Ilé ìwé méje ni wọ́n gbé mi yí po, àpótí tẹ́ ẹ ń wò yìí náà ni mo ń gbé kiri. Mo sọ fún ara mi pé, wò ó, obìnrin yìí, tí kò lè ka lẹ́tà ọmọ rẹ̀, ó kà mí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi, ẹsẹ̀ ni wọ́n rí. Àwọn òbí wọn, ẹsẹ̀. Ọkùnrin méjì tó tiẹ̀ fẹ́ wò mí dáadáa, ẹsẹ̀ náà ló dá wọn padà. Mo rò pé ẹ̀yin rí àpótí."

Omi ti dé ojú mi, àti èyí tó dára àti èyí tí kò dára.

"Mi ò rí àpótí," ni mo wí. "Òní ni mo ń rí i. Ilé tó wà nínú orin yẹn, mo fi síbẹ̀ torí pé ó bọ́ sí ohùn dáadáa. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo mọ̀. Tí òjò bá dá, ìgbín máa ń gun ògiri ẹ̀yìnkùlé wa. Tí mo bá rí i, mi kì í rántí ẹsẹ̀ kankan. Ńṣe ni mo máa ń sọ fún un pé, 'Tíṣà, ẹ káàárọ̀ o.' Màá wá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí wọ́n má baà tẹ̀ ẹ́. Ẹ bi ọmọ mi, ó máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ ò jọ ìgbín, Tíṣà. Ìgbín ló jọ yín."

"Mi ò mọ̀ bóyá ìyẹn sàn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ."

"Èmi náà ò mọ̀."

Ó fi ọwọ́ gbo orúnkún rẹ̀.

"Tí mo bá ní kẹ́ ẹ rán nǹkan mìíràn ńkọ́? Ìràwọ̀. Tàbí ìwé."

"Màá rán an, iṣẹ́ mi ni. Àmọ́ ọwọ́ mi ò ní mọ̀ pé ẹ̀yin ni. Màá máa wá yín nínú ìràwọ̀ yẹn, mi ò ní rí yín."

Nígbà tó yá, ó ní kí n máa lọ sinmi ojú mi. Kò dárúkọ Ọjọ́bọ̀, mi ò sì lẹ́nu láti béèrè. Bí mo ṣe ń jáde, ó dìde, ó gbé àwo òwú náà sórí pákó láàárín àwọn ìwé rẹ̀. Agbọ̀n ìdọ̀tí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, kò dà á sí i. Ojú mi ò dára, àmọ́ mo rí ìyẹn.

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ọmọ mi fẹ́ ti ṣọ́ọ̀bù kó tẹ̀lé mi. Mo ní kó dúró. Mo fẹ́ kí àyè ẹnìkan ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, bóyá yóò kún. Mo wọ bọ́ọ̀sì, mo fi ọwọ́ méjèèjì di báàgì mú bí ọmọ tí wọ́n kọ́kọ́ rán níṣẹ́.

Mo wọ ilé ìwòsàn, mo rí ẹnìkan lórí bẹ́ǹṣì, ó ṣí ìwé ìròyìn bo ojú. Ẹsẹ̀ kan ká, ẹsẹ̀ kan nà.

"Ẹ pẹ́," ni Tíṣà wí láti ẹ̀yìn ìwé ìròyìn.

"Aago mẹ́sàn-án ni wọ́n dá. Mẹ́jọ ààbọ̀ ṣì ni."

"Aago mẹ́fà ni mo ti kúrò nílé. Ìgbín ni mí."

Mi ò mọ̀ bóyá kí n rẹ́rìn-ín ni tàbí kí n bẹ̀bẹ̀. Ó sọ ìwé ìròyìn kalẹ̀ díẹ̀, ó wò mí lókè gíláàsì ojú rẹ̀, ẹ̀rín sì jáde ní imú rẹ̀, díẹ̀ báyìí. Ni mo bá jókòó sí àyè mi.

Ó ka ìwé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí mi létí. Nígbà tó dé ibì kan, ó kà á bó ṣe wà: "Ó ṣeé ṣe kí ojú náà má ríran mọ́ rárá."

"Ẹ ò bá ti fo ìyẹn."

"Mi kì í fo ìlà. Ṣé ẹ máa fọwọ́ sí i?"

Mo fọwọ́ sí i, lẹ́tà mẹ́rin tí mo mọ̀ ọ́n kọ.

Nọ́ọ̀sì kan dé, ó mú bírò aláwọ̀ búlúù dání. "Màmá, ojú wo ni?"

"Ọ̀tún."

Nọ́ọ̀sì wo ìwé rẹ̀. Tíṣà nà ọrùn, òun náà wo ìwé náà, ó ní, "Ọ̀tún ni." Nọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ sí í ya nǹkan sókè ìpéǹpéjú mi.

"Kí lẹ̀ ń ṣe?"

"Àmì ni, Màmá. Kí dókítà má baà ṣi ojú mú."

"Ibi tó bàjẹ́ lẹ̀ ń fàmì sí?"

"Ibẹ̀ náà ni. Ibẹ̀ la fẹ́ tọ́jú."

Mo gbọ́ tí Tíṣà mí kanlẹ̀.

"Tíṣà," ni mo wí nígbà tó yá, "kí ló yà síbẹ̀?"

Ó di àgbọ̀n mi mú bí wọ́n ṣe ń di tọmọdé mú, ó yí ojú mi síbi ìmọ́lẹ̀, ó wò ó fínnífínní.

"Ìgbín," ló wí.

"Ẹ má purọ́."

"Ìgbín ni. Ó tiẹ̀ wọ́ díẹ̀."

Nọ́ọ̀sì fẹ́ sọ̀rọ̀, Tíṣà fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ lápá. Ẹ̀rù tó ń bà mí láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta fò lọ. Orin ni mo kọ wọ yàrá iṣẹ́ abẹ, àfìgbà tí dókítà ní kí n jọ̀ọ́ dákẹ́, kí ojú má baà máa mì.

Lọ́jọ́ kejì tí wọ́n ṣí bandéèjì, mo ní kí ọmọ mi gbé dígí wá. Ó mọ́lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ké. Ojú mi ti hunjọ ju bí mo ṣe mọ̀ lọ, kò burú. Lókè ìpéǹpéjú ọ̀tún, ọfà kékeré kan wà níbẹ̀ tó kọjú sísàlẹ̀. Kò jọ ìgbín níbì kankan. Mo rẹ́rìn-ín títí, mi ò sì jẹ́ kí ọṣẹ kan ibẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta.

Nígbà tó di Sátidé, gbì, wọ́ọ́, gbì, wọ́ọ́. Aṣọ mẹ́rìnlá nínú àpò, àwo òwú nínú ọ̀rá, ọsàn méjì. Ohun tó kọ́kọ́ ṣe ni pé ó ní kí ọmọ mi gbé ìwé àjákọ yẹn wá. Ó yọ bírò pupa tó fi ń máàkì iṣẹ́ àwọn ọmọ láyé ọjọ́un, ó fa ìlà látòkè délẹ̀ sórí ibi tí wọ́n kọ ìdí sí, ewé dé ewé.

"Tíṣà," ni ọmọ mi wí, ojú rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ja pákó ìwé rẹ̀ lulẹ̀, "báwo ni ẹlòmíràn ṣe máa mọ ìdí rẹ̀?"

"Kó wá béèrè. Àpótí ìjókòó wà níbẹ̀. Kó jókòó gbọ́ ọ."

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, mo mú abẹ́rẹ́. Mo fi òwú tuntun rán an, torí èyí tó wà nínú àwo ti kúrú jù. Mo kọ́kọ́ wo ihò tí réṣà fi sílẹ̀ sára aṣọ, ibi tí abẹ́rẹ́ mi ti máa ń wọlé. Ojú mi tuntun rí i kedere, ó sì yà mí lẹ́nu.

"Tíṣà, ẹ wo bí mo ṣe ń rán yín látọjọ́ yìí. Kò dọ́gba rárá. Ó dà bí ohun tí ẹnìkan jókòó lé."

"Mo mọ̀."

"Ẹ ò sì sọ fún mi. Ṣé kí n tún un ṣe kó gún régé?"

Ó ń bó ọsàn, èèpo ń gùn wálẹ̀ láìjá.

"Tẹ́ ẹ bá tún un ṣe, ta ló máa wá jẹ́?"

Mo ki abẹ́rẹ́ bọ inú ihò àtijọ́, mo rán an bó ṣe wọ́. Ẹ̀rọ ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ sí í fò. Mo gbé orin, Ibi ó bá dúró sí, ó délé, Tíṣà sì ń fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀ sí i. Mi ò wo èyí tó fi ń lù ú nínú méjèèjì.